Ojú Tí Mo Fi Omi Ọṣẹ Nù Kúrò

Agolo náà kò tóbi. Ó fẹ̀ tó àwo tí a fi ń bu ìrẹsì nílé, ó rí pẹlẹbẹ, etí rẹ̀ ti dógùn-ún. Inú kọ́bọ́ọ̀dù yàrá ni Mama ń tọ́jú rẹ̀ sí, lábẹ́ àwọn fìlà tí ọkọ wọn fi sílẹ̀ nígbà tó kú. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ ṣí kọ́bọ́ọ̀dù yẹn láti mú bùláńkẹ́ẹ̀tì, òórùn kan jáde sí mi, bíi ti fínígà tí ẹnì kan dà sílẹ̀ tí kò sì nù.

Mo ní, "Mama, nǹkan kan ti bàjẹ́ sínú kọ́bọ́ọ̀dù yìí o, ma."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Bàbá mi nìyẹn. Kò bàjẹ́. Ó gbó ni."

Kí n tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ kí n sọ irú ẹni tí mo jẹ́. Mi ò kàwé lọ títí. Girama ni mo ti dúró, mi ò sì parí rẹ̀. Iṣẹ́ POP ni mo kọ́ n'Íbàdàn, ká máa ṣe àjà ilé olówó kó funfun bíi wàrà, títí físà lọ́tìrì fi mú mi wá sí Houston. Alief, àdúgbò kan níbẹ̀, ni mò ń gbé, èmi àti àwọn ọmọ Nàìjíríà méjì nínú apartment kan. Àǹtí mi, àbúrò ìyá mi, tí wọ́n jẹ́ nọ́ọ̀sì tí wọ́n sì ti pẹ́ nílùú yìí, ni wọ́n ní kí n lọ gba sátífíkéètì àwọn tó ń tọ́jú arúgbó. Wọ́n ní, "Ṣé o lè kí àgbà? Ṣé o lè se oúnjẹ tí kò ta? Ó ti parí." Bí mo ṣe dé ọ̀dọ̀ Mama nìyẹn. Ọmọ Amẹ́ríkà ni wọ́n, aláwọ̀ dúdú bíi tiwa, wọ́n ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún, wọ́n sì ń dá gbé nínú ilé onípákó kan tó ní ìloro níwájú.

Wọ́n ní kí n máa pe àwọn lórúkọ. Ẹnu mi kọ̀ ọ́. Èdè òyìnbó ò sì ní "ẹ" tí mo lè fi bọ̀wọ̀ fún wọn, ni mo bá ń fi "ma" parí gbogbo ọ̀rọ̀. Oògùn yín rè é, ma. Ẹ rọra sọ̀ kalẹ̀, ma. Lọ́jọ́ kẹta wọ́n wò mí láti ẹ̀gbẹ́ ojú, wọ́n ní, "Ọmọ yìí, ma mélòó ló kù nínú àpò rẹ? Tó bá tán ńkọ́?"

Mo ní kò lè tán, ma.

Ẹ̀gbẹ́ ojú ni mo wí, torí ibẹ̀ nìkan ni wọ́n fi ń ríran. Àárín ló ti lọ. Bí wọ́n bá kọjú sí ọ, wọ́n á rí etí rẹ àti èjìká rẹ, ṣùgbọ́n ibi tí imú àti ẹnu rẹ wà, bí ẹni pé ẹnì kan fi àtàǹpàkò bò ó. Dókítà ti sọ fún wọn pé ẹ̀gbẹ́ náà ń bọ̀ wá lọ, ó lè má ju oṣù díẹ̀ lọ mọ́. Mama ò sunkún lójú mi. Nǹkan kan ṣoṣo ni wọ́n ń tọrọ: kí àwọn tún rí ojú bàbá àwọn lẹ́ẹ̀kan sí i, kó máa yí, kó máa rìn, kí ilẹ̀kùn tó tì.

Fíìmù ló wà nínú agolo yẹn, irú tayé àtijọ́ tí wọ́n ń ká jọ bí okùn, tí kò lóhùn. Bàbá Mama ló ṣeré nínú rẹ̀. Ẹ má bínú pé màá máa pè é ní "ó". Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni nínú fíìmù náà, ẹgbẹ́ mi gan-an, mi ò sì lè máa rò ó bí arúgbó.

Òwúrọ̀ ni Mama máa ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, nígbà tí mo bá ń fi òróró pa wọ́n lẹ́sẹ̀. Apá Fulshear, lẹ́yìn odi Houston, ni wọ́n bí i sí, nígbà tí ibẹ̀ ṣì jẹ́ oko òwú àti pápá màlúù. Àǹtí mi ti ra ilé tuntun síbẹ̀ báyìí. Ibi tí ọkùnrin yìí ti kọ́ bí a ṣe ń gun ẹṣin láìsí gàárì, ibẹ̀ làwọn ọmọ àǹtí mi ti ń gun kẹ̀kẹ́ lórí kọnkéré, tí wọ́n ń de nǹkan mọ́ orúnkún kó má bàa bó. Bí mo bá gba freeway lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ Sunday, ojú mi kì í kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, bí ẹni pé eruku ẹṣin rẹ̀ ṣì lè wà lókè.

Ó tẹ̀ lé àwọn ẹṣin kan wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí California. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa fún wọn lómi. Ibi tí wọ́n ti ń ya fíìmù ni wọ́n ń kó àwọn ẹṣin náà lọ. Lọ́jọ́ kan, òṣèré òyìnbó tó yẹ kó já bọ́ láti orí ẹṣin bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ni wọ́n bá bọ́ aṣọ òṣèré náà fún ẹni tó ń fún ẹṣin lómi, wọ́n kun ọwọ́ àti ọrùn rẹ̀ ní funfun, wọ́n ní kó kẹ̀yìn sí kámẹ́rà kó ṣubú. Ó ṣubú. Wọ́n ní kó tún un ṣe, ó tún un ṣe. Láti ọjọ́ náà, ó di ẹni tó ń ṣubú fún àwọn ẹlòmíràn. Ó já láti orí òrùlé. Ó já láti ara ọkọ̀ ojú irin tó ń sáré. Ó já sínú odò pẹ̀lú ẹṣin lábẹ́. Àwọn ènìyàn jókòó sínú òkùnkùn, wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún òṣèré tí àwòrán rẹ̀ wà lára ògiri níta, wọn ò mọ̀ pé ẹ̀yìn ẹlòmíràn ni àwọn ń wò.

Mo ní, "Ṣé kò dun bàbá yín ni, ma?"

"Bàbá mi máa ń sọ pé ẹnikẹ́ni ló lè fi ojú ṣeré. Ó ní ẹ̀yìn ló le."

Mo gbàgbé pé ẹsẹ̀ wọn wà lọ́wọ́ mi. Mo ti ṣiṣẹ́ àjà fún ọdún mẹ́ta, mo mọ ohun tó wà nínú ká ṣe nǹkan dáadáa sí ibi tí ẹnikẹ́ni ò ní gbójú sókè wò. Ṣùgbọ́n kí èèyàn máa ju ara rẹ̀ sílẹ̀ láti orí ẹṣin tó ń sáré, kó sì rántí pé ojú òun ò gbọdọ̀ yí, kódà nígbà tí ilẹ̀ bá ń bọ̀ wá pàdé rẹ̀, ìyẹn kọjá òye mi. Mo gbìyànjú rẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì apartment wa. Mo kàn ní kí n ṣubú láìwo ilẹ̀. Mi ò lè ṣe é. Ọrùn mi yí fúnra rẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ojú ọkùnrin náà jáde. Àwọn aláwọ̀ dúdú kan dá fíìmù tiwọn sílẹ̀, èyí tí wọ́n ń gbé láti ìlú dé ìlú, tí wọ́n ń fi hàn nínú ṣọ́ọ̀ṣì àti gbọ̀ngán ilé ìwé àwọn ènìyàn wọn. Òun ni wọ́n fi ṣe olórí eré. Ó sáré, ó ṣubú gẹ́gẹ́ bó ṣe máa ń ṣubú, ó dìde, ó kẹ̀yìn sí wa, ó gbọn fìlà rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ní òpin pátápátá, ó yíjú padà, ojú rẹ̀ sì kún gbogbo aṣọ funfun tí wọ́n ta sára ògiri. Mama ní bí iná bá ti tàn, ó máa ń jáde síwájú àwọn tó wò ó. Nílùú kan, ìyá arúgbó kan dìde, ó wá fọwọ́ kàn án lẹ́rẹ̀kẹ́, ó padà lọ jókòó.

Kò pẹ́ tí fíìmù fi bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Akólòlò ni ọkùnrin yìí. Wọ́n dán ohùn rẹ̀ wò, ọ̀rọ̀ kan há sí i lọ́fun, wọn ò pè é mọ́. Ó padà sí Houston, ó ń wa lífìtì nínú ilé gíga kan láàárín ìgboro títí irun rẹ̀ fi funfun. Kò sẹ́ni tó wọ lífìtì yẹn tó mọ ẹ̀yìn tí òun dúró tì. Nígbà tó darúgbó, ó wá ẹni tó bá a da fíìmù kan ṣoṣo yẹn kọ sórí òmíràn kó má bàa parun. Òun ló wà nínú agolo.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n Mama tó ń gbé ní ìpínlẹ̀ mìíràn bá ibi iṣẹ́ kan sọ̀rọ̀ lápá Uptown ní Houston, níbi tí wọ́n ti ń gbé irú fíìmù bẹ́ẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà. Èmi ni wọ́n ní kí n gbé e lọ lọ́jọ́ Thursday.

Lọ́jọ́ Wednesday, Mama ń sùn oorun ọ̀sán. Mo gbé agolo náà jáde láti fi í sínú báàgì, òórùn fínígà yẹn sì kún gbogbo pálọ̀. Mo ro ibi tí mò ń gbé e lọ. Ọ́fíìsì ńlá ni, lẹ́bàá mall ńlá kan, níbi tí ilẹ̀ ń dán. Lọ́dọ̀ tiwa, a kì í gbé ohun tó dọ̀tí jáde kúrò nílé arúgbó fún àjèjì. Bí aṣọ ìyá rẹ bá ń rùn tí o sì mú un lọ fún télọ̀, kì í ṣe ìyá rẹ ni wọ́n máa bú. Wọ́n á ní, "Ìyá yìí ò lẹ́ni." Mo ní lójú ẹ̀mí mi kọ́, Mama lẹ́ni.

Mo po omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ pẹ̀lú ọṣẹ. Mo mú àkísà funfun kan. Mo tú fíìmù náà díẹ̀díẹ̀, mo ń nù ún níwájú, mo ń nù ún lẹ́yìn, mo sì ń ta á sórí okùn tí mo so sí ẹ̀yìnkùlé fún bùláńkẹ́ẹ̀tì wọn, kí oòrùn gba òórùn yẹn kúrò lára rẹ̀ bí ìyá mi ṣe máa ń sá ìrọ̀rí nílé. Dúdú bẹ̀rẹ̀ sí í jáde sára àkísà náà. Inú mi dùn. Mo ní, háà, ẹ wo ìdọ̀tí ọdún gbọọrọ. Mo yí àkísà sí ẹ̀gbẹ́ kejì, mo tún nù. Fíìmù náà ń mọ́ lọ́wọ́ mi, ó ń dán bíi gíláàsì. Mo ti ta á lọ ta á bọ̀ lórí okùn ní ìgbà mẹ́ta nígbà tí Mama jí tí wọ́n pè mí. Mo sáré ká a padà. Ibi tí mo ti nù ti bẹ̀rẹ̀ sí í ká kò nínú oòrùn, kò fẹ́ẹ́ wọ agolo mọ́. Mo fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ wọlé.

Ọ̀dọ́bìnrin kan ló gba agolo náà lọ́wọ́ mi ní Uptown. Ó wọ ìbọ̀wọ́ funfun. Ó ṣí i, ó gbé etí fíìmù náà sókè sí iná.

Ó ní, "Ta ló fọ èyí?"

Mo ní, "Fọ kẹ̀?"

Ó ṣàlàyé fún mi, kò pariwo. Ó ní àwòrán ò sí nínú fíìmù, orí rẹ̀ ló wà, bí awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀. Bí omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ bá kàn án, á rọ̀. Bí o bá wá nù ún, o ti nu àwòrán kúrò. Ó ní ẹni tó wò ó kẹ́yìn kò yí i padà síbẹ̀rẹ̀, ìyẹn ni òpin rẹ̀ fi wà níta. Inú ṣì dára. Òpin ló lọ. Ó tún wò mí. "Ta ló fọ̀ ọ́?"

Mo ní mi ò mọ̀. Mo ní bí wọ́n ṣe gbé e fún mi nìyẹn.

Àkísà náà ṣì wà nínú bùútù ọkọ̀ mi, níbi tí mo jù ú sí lọ́jọ́ Wednesday. Mo jókòó sínú ọkọ̀ níbi ìgbọ́kọ̀sí, mo tú u wò. Ohun tí mo pè ní ìdọ̀tí, ojú ọkùnrin yẹn ni. Ẹ̀yìn ló fi ṣeré ní gbogbo ayé rẹ̀. Ìgbà kan ṣoṣo ló fi ojú hàn. Èmi ni mo sì fi ọṣẹ nù ún.

Mo pe àǹtí mi lórí fóònù. Wọ́n ní, "Film. O fọ film. Ṣé jeans ni?"

"Àǹtí, ó ń rùn ni."

"Ìwọ náà ń rùn nígbà tí o dé láti airport, ṣé a sá ọ sórí okùn? Gbọ́, má sọ nǹkan kan. Ojú ìyá yẹn ò ríran. Fíìmù ti pẹ́, fíìmù bàjẹ́, ó tán. Tí wọ́n bá report ẹ, sátífíkéètì ẹ lọ nìyẹn. Ṣé o gbọ́ mi?"

Mo ní mo gbọ́ yín, ma. Mo sì dákẹ́ lóòótọ́. Ọjọ́ mọ́kànlá ni mo fi dákẹ́. Mo ń po oúnjẹ òwúrọ̀ fún Mama, mo ń pa ẹsẹ̀ wọn lóróró, wọ́n sì ń bi mí lójoojúmọ́ pé ṣé wọ́n ti pè láti Uptown. Wọ́n ní kí n bá àwọn fọ gíláàsì ojú àwọn dáadáa sílẹ̀ de ọjọ́ náà.

Ọjọ́ tí fíìmù náà dé sínú flash kékeré kan, wọ́n wọ búláòsì aláwọ̀ ewé tí wọ́n ń wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ọ̀sán ni. Mo gbé àga wọn sún mọ́ tẹlifíṣọ̀n tó bẹ́ẹ̀ tí orúnkún wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án. Wọ́n yí orí sápá kan, kí ẹ̀gbẹ́ ojú lè mú un.

"Àwọn ohun kéékèèké ò ní hàn sí mi," wọ́n ní. "Máa sọ ọ́ fún mi. Tó bá di ìgbà tí ojú rẹ̀ bá dé, dákẹ́. Ìyẹn tóbi, màá rí i fúnra mi."

Mo tẹ̀ ẹ́. Mo sì rí ọkùnrin náà.

Mi ò mọ bí mo ṣe lè sọ ọ́. Mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ títí, àmọ́ nígbà tí ẹṣin yẹn yọ láti apá òsì, tí ara ọkùnrin náà ń lọ sókè sódò pẹ̀lú rẹ̀ bí ẹni tí kò ní egungun, ara mi tutù. Gbogbo ènìyàn tó wà nínú àwòrán yẹn ti kú. Ẹṣin náà ti kú. Eruku tó ń ta yẹn ti di ilẹ̀ tí wọ́n kọ́lé lé. Síbẹ̀ ó ń sáré bọ̀ wá bá wa nínú pálọ̀. Mo ní, "Ó ń bọ̀, ma. Ó ti ju ọwọ́ kan sílẹ̀. Ó ń fà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó ti já, ma. Ó yí lẹ́ẹ̀mẹta nínú eruku, kò wo ilẹ̀ rárá. Ó ti dìde. Ó kẹ̀yìn sí wa. Ó ń gbọn fìlà rẹ̀ mọ́ orúnkún."

Mama di ọwọ́ àga mú. "Ó ti yá. Dákẹ́ báyìí."

Tẹlifíṣọ̀n di funfun. Ìlà tín-ín-rín tín-ín-rín ń sáré kọjá lórí rẹ̀, ibi tí àkísà mi ti gbà.

Wọ́n yí orí sọ́tùn-ún. Wọ́n yí i sósì. Wọ́n ń wá a. "Mi ò rí i," wọ́n ní jẹ́jẹ́. "Ojú mi ti lọ tó bẹ́ẹ̀? Ṣé ó ti yíjú?"

"Yes, ma" ni gbogbo ohun tó kù kí n sọ. Wọ́n á gbà mí gbọ́. Wọ́n á rò pé ojú àwọn ni. Ìyẹn gan-an ló jẹ́ kí n má lè sọ ọ́.

Mo ní, "Kì í ṣe ojú yín, ma. Kò sí i níbẹ̀ mọ́. Èmi ni mo fọ̀ ọ́ kúrò."

Mo sọ gbogbo rẹ̀, omi ọṣẹ, okùn, irọ́ tí mo pa ní Uptown. Funfun yẹn ń lọ lórí tẹlifíṣọ̀n, kò sí ẹni tó pa á.

"Kí ló dé tí o fi fọ̀ ọ́?"

"Ó ń rùn, ma. Mi ò fẹ́ kí wọ́n rò pé ẹ ò lẹ́ni."

"Láti ìgbà wo lo ti mọ̀?"

"Ọjọ́ mọ́kànlá, ma."

"Ọjọ́ mọ́kànlá," wọ́n ní. "Ma mélòó nìyẹn?"

Wọ́n ní àkísà náà ńkọ́. Mo lọ mú un wá láti inú bùútù. Wọ́n gbé e sí imú, wọ́n ní, "Ọṣẹ tèmi." Wọ́n tẹ́ ẹ sórí itan wọn, wọ́n fi ọwọ́ tẹ́ ẹ kó dán bí ìgbà tí èèyàn bá ń lọ aṣọ. Mo rò pé wọ́n á ní kí n máa lọ. Mo ti ń wo ibi tí kọ́kọ́rọ́ mi wà.

Wọ́n ní, "Mú fìlà kan wá nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Èyí tí etí rẹ̀ fẹ̀. Kí o jókòó síbẹ̀ yẹn kí o má fọhùn."

Wọ́n yí ara wọn lórí àga títí wọ́n fi kẹ̀yìn sí mi. Ó gbà wọ́n ní àkókò. Wọ́n gbọn fìlà náà mọ́ orúnkún lẹ́ẹ̀mejì, bí ọkùnrin yẹn ṣe gbọ̀n ọ́n. Èjìká ló kọ́kọ́ yí. Lẹ́yìn náà àgbọ̀n. Ojú ló yí kẹ́yìn, ó wò mí bí ẹni tí kò mọ̀ pé ẹnikẹ́ni wà lẹ́yìn òun, tó sì wá rí i pé gbogbo ayé ló wà níbẹ̀. Ẹ̀rín náà bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ ẹnu kan, kò yára dé ìkejì. Ètè wọn gbéra, wọ́n sọ nǹkan kan tí kò lóhùn.

Mo rí i. Kì í ṣe Mama ni mo rí. Mo rí ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ láti orí ẹṣin.

Mo ní, "Kí ló sọ níbẹ̀ yẹn, ma?"

"Kò sọ ọ́ fún ẹnì kankan títí ó fi kú." Mama ti gbé fìlà náà sílẹ̀. "Ó ní ìyẹn nìkan ni gbólóhùn tí òun sọ láyé òun tí òun ò kólòlò."

Mo pe ọ̀dọ́bìnrin Uptown yẹn lọ́jọ́ kejì, mo sọ òtítọ́ fún un. Mo sọ fún ọmọ ẹ̀gbọ́n Mama náà. Ó bínú gidigidi, ó sì ní ẹ̀tọ́ sí i. Mama ló ní kí wọ́n má lé mi. Àǹtí mi ní orí mi ló dáa. Èmi ò mọ̀ bóyá orí ni.

Ojú Mama ti lọ tán báyìí, àárín àti ẹ̀gbẹ́. Lọ́jọ́ Thursday a ṣì máa ń fi fíìmù náà sí i. Mo máa ń sọ ẹṣin, mo máa ń sọ eruku, wọ́n á ní mò ń sáré jù, kí n tún ibi ìṣubú sọ. Tí funfun bá dé, mi ò kì í pa á. Mo máa ń yí àga mi kúrò níwájú tẹlifíṣọ̀n, màá kọjú sí wọn. Wọ́n á gbọn fìlà. Èjìká á yí, àgbọ̀n á tẹ̀ lé e.

"Ṣé ó ti yíjú?" wọ́n á ní.

"Yes, ma," mo máa ń sọ. "Ó ti yíjú."